Kò Tíì Tú

Ní ọjọ́ karùn-ún tí ìyá mi ti ilé ìwòsàn dé tí kò sì jẹun, mo ro pupuru, ọkà ẹ̀gẹ́ wa, lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mo gbé èkínní síwájú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó wò ó, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Kò tíì tú." Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí kókó kéékèèké méjì nínú rẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo rò pé mo ti rí ohun tó ń ṣe é, torí ìyá mi kò fẹ́ràn kókó nínú oúnjẹ rí. Mo gbé e padà sórí iná, mo fi ọmọrogùn rò ó títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Èkejì jọ̀lọ̀. "Kò tíì tú." Kí n tó ro ẹ̀kẹta, mo tún fi asẹ́ sẹ́ ìyẹ̀fun náà. Kò sí kókó tó tó orí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti àwo náà padà sọ́dọ̀ mi.

"Kò tíì tú, ọmọ mi. Ṣe sùúrù."

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ti kìlọ̀ fún mi. Bí kò bá fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ ọ̀la fi mọ́, wọn yóò gbé e padà sí ilé ìwòsàn, wọn yóò ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ títí wọ inú ikùn. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ara arúgbó náà á lè gbà á. Nígbà tí mo bá gbé ìyá mi láti orí ibùsùn sórí àga, kò wúwo tó táyà ọkọ̀ ńlá kan. Mo mọ bí táyà ṣe ń wúwo, torí táyà àlòkù ni mò ń tà ní ìkóríta Òrè.

Ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ ń tajà kì í pè mí ní oní táyà. Tísà Pupuru ni wọ́n ń pè mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ oúnjẹ agbègbè wa sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó rán mi, n kò sì kọ́ ọ níléèwé kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo ti gun ọ̀kadà dé Omifúnfun, mo dé Àràròmí-Obù, mo jókòó ti àwọn ìyá nídìí ààrò. Mo mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tó lo ọjọ́ mẹ́ta péré nínú omi ṣì ń le nínú, àti pé ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń fọ́ láàárín ìka, okùn inú rẹ̀ á sì fúnra rẹ̀ yọ jáde. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n ń ṣù ú róbótó, tí wọ́n ń tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín lè sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Mo mọ̀ pé a kì í họ dúdú yẹn tán, torí ara rẹ̀ ni òórùn ń gbé. Àwọn àlejò tó wá dáko kòkó lọ́dọ̀ wa máa ń họ ọ́ títí á fi funfun bí ẹ̀fun, wọn á wá ní pupuru àwa Ìkálẹ̀ kò ládùn.

Gbogbo ìmọ̀ yìí ni mo kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi. Lọ́jọ́ kìíní, mo se ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí a máa ń sè fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí agbára rẹ̀ lè padà. Ó yí ojú. Lọ́jọ́ kejì, mo yí ẹja padà. Lọ́jọ́ kẹta, mo yí igi ìdáná padà. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ilé wa yọjú wọlé.

"Tísà, ṣé kò sí ibi tí wọ́n kọ ìyá tí kò jẹun sí nínú ìwé yín ni?"

Ó ń ṣàwàdà, n kò sì bínú. Mo ti yẹ ìwé náà wò kó tó béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Àgọ́ Aláyé. Ilé àdúrà ni òun ń gbé, aṣọ funfun ló sì wọ̀ dé. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wa ti ṣubú, tí a fi gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Òrè. Dírípù ni wọ́n fi gbé e ró níbẹ̀ kí wọ́n tó ní ká máa mú un lọ sílé mi.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Kò jẹ."

"Ìwọ àti ọmọrogùn rẹ. Àdúrà ni kí o gbà, o ń ro ọkà kiri."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Ó kàn ń sọ pé kò tíì tú. Mo ti sẹ́ ìyẹ̀fun yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò sí kókó kankan…"

"Kí ló ní?"

"Ó ní kò tíì tú."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ kókó? Ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta la wà nígbà tó ṣubú. Ọjọ́ kejì ni."

Mo gbé ọmọrogùn sílẹ̀.

"O ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbààwẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Ẹ̀rù rẹ bà mí, n kò sọ."

Gbogbo ayé ló ń pe òpin ààwẹ̀ ní ìṣínu. Bàbá wa nìkan ló ń pè é ní títú. Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, á ya aṣọ funfun tín-ín-rín, á fi so ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, gbogbo wa á pé sí ilé ìdáná, Bàbá á gbàdúrà, á tú u. Á ní, "Ó tú o." A ó dáhùn pé, "Ó tú." Ìyá wa ló ń fún ní òkèlè àkọ́kọ́. Títí dìgbà yẹn, omi ife kan lálẹ́ nìkan ni. Bàbá ti kú tipẹ́. Mo ti kọ bó ṣe fẹ́ràn ẹja rẹ̀ sínú ìwé mi, mo kọ iye ata tó ń jẹ, ṣùgbọ́n n kò kọ okùn aṣọ yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ohun tí ìyá mi bá fẹnu kàn sí láti ìgbà tó dé. Ọjọ́ kìíní: omi ife kan, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹrin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ya etí gèlè rẹ̀. Mo sáré ro pupuru kẹrin, a so ìkòkò ọbẹ̀, a gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nígbà tí aago lu mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà. Ó so le débi pé mo fi eyín bá a tú u.

"Ó tú o."

Ìyá mi la ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ó tú," ni ó wí, ó sì la ẹnu.

Òkèlè márùn-ún ló jẹ. Ní ẹ̀kẹrin, ó fi ahọ́n wá nǹkan kiri lẹ́nu. "Kókó wà nínú rẹ̀," ni ó wí. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Wọn kò ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ògì dé, ó ní kò tíì tú.

Láti ìgbà náà, òwúrọ̀ ni mò ń so ó, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń tú u. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kò lè gbé e ró. Mo gbìyànjú láti tú u lọ́sàn-án. Ó wo oòrùn lójú fèrèsé, ó wò mí bí ẹni tó mú olè. Òkèlè márùn-ún di mẹ́rin. Lánàá, méjì àbọ̀ ni. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí n kì í kọ. Bí mo bá gbé ìkòkò náà dé, ó máa ń béèrè pé, "Ọjọ́ kelòó nìyí?"

"Ẹ̀kẹta ni, Màmá."

"Ṣé o kà á dáadáa?"

"Mo kà á, Màmá. Ẹ̀kẹta ni."

Aṣọ náà ti ń já ní etí. Ojóbó ni mo fi ń so ó báyìí, kó lè tètè tú.