Wọ́n Ya Ẹran Ara Mi Sórí Díńgí

Ibi tí mo ti ń fún Sàfúrà, ọmọ mi, lọ́mú ni ọwọ́ mi ti kan kókó kan lábẹ́ ọmú òsì. Mo rò pé wàrà ló dì. Mo fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí, kò yọ́. Kò dùn mí rárá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má jókòó bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ní Aboabo, àdúgbò wa níbí, gbogbo ènìyàn ni dókítà.

Ọkọ mi mú mi lọ sílé ìwòsàn lápá Bantama. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi kú. Dókítà òyìnbó ní àwọn yóò yọ kókó náà. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, àìsàn tí ẹran ara fi ń hù kọjá ààyè rẹ̀, gbogbo ọmú ni yóò lọ. Wọ́n ní kí n já ọmọ lẹ́nu ọmú kí egbò lè jinná. Ìyá ọkọ mi bá pọ̀n ọ́n lọ sílé rẹ̀ ní Krofrom.

Nígbà tí wọ́n yọ kókó náà tán, tí oògùn oorun dá lójú mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa ojú gbẹ́rẹ́. Àmọ́ àárò ọmọ mi ju ìrora yẹn lọ. Ọ̀já rẹ̀ ni mo fi ṣe ìrọ̀rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá ọkọ mi gbé aṣọ funfun dé. Ó fẹ́ gba ẹran tí wọ́n gé, kó lọ sin ín, nítorí lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ohun tó bá kúrò lára ènìyàn, ilẹ̀ ló ni ín.

"Maame, mepa wo kyɛw, twɛn kakra," nọ́ọ̀sì fi èdè ìlú bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé wọ́n ti ri ẹran náà sínú àbẹ́là yíyọ́ kó lè le, wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n pa á láró, dókítà sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Lójú ègé kan, ó dà bíi pé kókó náà ti ya awọ tó bò ó, bí jẹjẹrẹ ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, dókítà fẹ́ gé gbogbo ìyókù tẹ̀léra, kó ya àwòrán ègé kọ̀ọ̀kan sórí díńgí, kó to àwọn díńgí náà léra, kí kókó náà lè dìde lójú rẹ̀ bó ṣe wà nínú mi.

"Gbogbo ẹ̀? Kí la ó wá sin?" Ìyá fárígá. "Wallahi, n ò gbà. Ara ọmọ ènìyàn kì í ṣe búrẹ́dì!"

N kì í ja ìyá ọkọ mi níyàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo jà á.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo fẹ́ fún ọmọ mi lọ́mú."

Ó wò mí, ó sì ká aṣọ funfun náà sápò.

A dúró títí ó fi sú wa. Níkẹyìn dókítà gbé àwọn díńgí tó tò léra náà wá, ó nà wọ́n sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Mo rí ohun tó wà nínú mi: ó rí roboto, bí ekùrọ́ nínú èèpo rẹ̀. Ibi tó dà bíi pé ó ya, awọ ló ṣẹ́ po níbẹ̀. Ègé kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹn hàn.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni nọ́ọ̀sì túmọ̀.

"Alihamdulilai," ni Ìyá wí, ló bá bú sẹ́kún jù mí lọ.

Egbò jinná, mo lọ gba ọmọ mi. Mo ṣí ọmú tí mo gbà lẹ́nu ọ̀bẹ. Sàfúrà wò ó, ó yíjú, ó na ọwọ́ sí ìyá àgbà. Wàrà ti gbẹ, ó sì ti mọ ògì.

Mo dúpẹ́ o. Ara mi pé, ọmọ mi ń dàgbà, ó ti ń lọ sílé kéú. Àmọ́ títí dòní, bí ọmọ ọlọ́mọ bá ké lójú ọ̀nà, ọmú òsì yẹn a máa wú, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń pè.