Ọjọ́ Tí Àpótí Ẹyin Gbóná Jù

Láti Agbówó dé Challenge, ẹ wá ẹni tó ń kan ìnkubétọ̀, àpótí iná tó ń sàba lé ẹyin, bíi tèmi wá. Pírámárì kò tán lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ èmi ni mo kọ kóòdù tó ń darí ooru inú rẹ̀. Mo máa yí ìlà kan, mo máa wò ó, mo tún yí òmíràn. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ló ní ewu wà níbẹ̀. Ó kọ ìdánwò sínú láptọ́ọ̀pù mi: tí mo bá ti yí kóòdù, láptọ́ọ̀pù á fúnra rẹ̀ bi í ní ìbéèrè méjìlá. Èyí tó bá yege á tan àwọ̀ ewé.

Tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Àdó gbé ọgọ́ta ẹyin tòlótòló wá. Àìsàn ti pa àwọn ìyá wọn tán. Ẹyin yẹn nìkan ló kù tí Tíṣà lè fi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn tòlótòló.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo rí ọ̀nà tí iná tí àpótí ń jẹ yóò fi dín kù. Mo yí kóòdù tòun ti ẹyin nínú àpótí. Mo tẹ ìdánwò. Méjèèjìlá tan àwọ̀ ewé. Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo lọ ra wáyà ní Dùgbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpótí. Ó gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ìyàwó mi ní wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un dé, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Látìgbà tí iná ti dé kẹ́yìn, ohun tó ń mú inú àpótí gbóná kọ̀, kò kú mọ́. Mo fa wáyà yọ, mo dá kóòdù àtijọ́ padà, mo tún so àpótí mọ́ iná, mo pe ọmọ mi.

"Bàámi, ṣé ẹyin wà nínú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ yí i?"

"Ṣé ìdánwò rẹ kò ní ó dára ni?"

"Ohun tá a bá bi í ló ń dáhùn. A ò bi í nípa iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Àpótí kejì tí kò sí ẹyin nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ fi ń to bàtà ńkọ́?"

Ó ní kí n gbé e jáde, kí n kó kóòdù tuntun sínú rẹ̀, kí n fi ṣe gbogbo wọ́nranwọ̀nran tí mo mọ̀: kí n pa iná, kí n tan án, kí n ṣílẹ̀kùn. Ibi tó bá ti bàjẹ́, òun á sọ ọ́ di ìbéèrè. Ìbéèrè di mọ́kàndínlógún. Ta ni ì bá rí méje yẹn bí kò ṣe èmi?

Ṣùgbọ́n ẹyin ńkọ́? Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé láti ilé Tíṣà ni ẹyin náà kò ti lọ́mọ nínú. Mo tẹ Tíṣà láago: "Ẹ máa bọ̀, mà. Mo ti ṣe àṣìṣe."

Tíṣà dé. Mo fi páálí dí fèrèsé, a ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ inú àkọ́kọ́ kò mira. Ìkejì náà kò mira.

"Ògá pátápátá," ni Tíṣà wí, "ẹnu yín mà dákẹ́ lónìí."

Ìkẹta mira. Mo nawọ́ mú ìkẹrin.

Nígbà tá a yẹ̀ wọ́n wò tán, méjìdínlógún ló ti kú. Tíṣà fọwọ́ ara wọn kó èyí tó ti kú sínú ike, wọ́n ní kí n tètè ti ilẹ̀kùn àpótí, kí òtútù má pa àwọn tó kù.