Kókó Tó Padà Lẹ́yìn Ìdúpẹ́

Èmi ni mo fi agídí mú màmá mi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kókó jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú rẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́yìn tí wọ́n fa kímò, oògùn jẹjẹrẹ, sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, dókítà fúnra rẹ̀ sì ti rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí la tún ń dúró dè? Màmá ní kí n jẹ́ kí òun gba oògùn náà tán ná. Mi ò gbọ́. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, àṣẹ pípa ti mọ́ mi lára. Mo ra iṣu, mo ra ẹran, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi. Màmá jó títí, ọwọ́ rẹ̀ kan di bùbá mú níwájú àyà. Ẹkún ayọ̀ ni mo ń sun ní tèmi.

Lẹ́yìn èyí, ó tún gba kímò méjì. Bí mo bá bi í pé ọmú ńkọ́, á ní ó ń ṣe dáadáa. Ó wá ń ti ilẹ̀kùn bó bá ń wẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ni.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Adó, ọkùnrin náà fọwọ́ kan ibẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kókó náà ti tóbi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé àwọn purotéènì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń ṣiṣẹ́ bíi pọ́ǹpù omi: bí oògùn bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń fà á jáde. Àwọn purotéènì mìíràn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà kú, kódà bí oògùn bá ti ṣe é léṣe. Kímò ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní in ló ṣẹ́kù, àwọn náà ló sì ń pọ̀ sí i.

Màmá mi, tó ti pẹ́ nídìí oko kòkó lọ́nà Ìgbàrà-Odò, mi orí.

“Ó yé mi. Ugbà kan wà tí mo fín oògùn títí, kòkòrò ò kú mọ́. A pààrọ̀ oògùn ni.”

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àmọ́ wọ́n á tún gé díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n yẹ purotéènì rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ oògùn tó kàn. Ó wá béèrè pé, “Màmá, ìgbà wo lẹ ti rí i pé ó tún ń wú?”

Màmá wolẹ̀. “Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ dúpẹ́. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni mo ti fọwọ́ bà á.”

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé dókítà wà níbẹ̀. “Màmá! Ẹ ò sì sọ? Kímò méjì lẹ gbà lásán!”

“O ti se oúnjẹ,” ló dá mi lóhùn. “O ti pe gbogbo ará ulé. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì? Pé urọ́ ni mo pa?”

Nínú mọ́tò títí a fi dé Ìkẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Èsì àyẹ̀wò dé, wọ́n sì yí oògùn padà. Dókítà ò ṣe ìlérí kankan. Ó ní ká máa wò ó. Ó ti gba àkọ́kọ́ nínú oògùn tuntun náà. Mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ màmá mi nílé.

Láàárọ̀ yìí, ó pè mí sí yàrá, ó ká bùbá rẹ̀ sókè.

“Wá bà á. Ọwọ́ tèmi ò dá mi lójú mọ́. Kí o sọ òótọ́ fún mi.”

Mo bà á. Ó le, ó sì gbóná díẹ̀. Mo wá ibi tó ti kéré sí i títí, mi ò rí i. Màmá ń wo ojú mi bí ọmọ iléèwé tó ń retí máàkì.

“Ó ti ń lọ sílẹ̀, Màmá,” ni mo wí.

Ó mí kanlẹ̀, ó fa bùbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tètè máa lọ kí n má baà pẹ́ dé iléèwé. Ọ̀la la máa padà lọ rí dókítà.