Ẹni Tó Ń Jẹ́ Kí Wọ́n Na Òun

Wọ́n ní àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe bàtà kò borí rí nínú gémù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ń kún yàrá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òfo ni wọ́n ń pè é. Á rẹ́rìn-ín, á sì bu omi tútù fún wọn.

Ọjọ́ kan ni mo bá a níbi tó ti ń dá gbá a. Olúwa mi mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bi í pé kí ló dé tó ń jẹ́ kí wọ́n máa na òun.

"Ìyàwó wa, bí mo bá nà wọ́n, ta ni yóò wá lọ́la?"

Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n ń yan ẹni mẹ́rin tí yóò bá àdúgbò kejì figagbága. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àbúrò ọkọ mi.

Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ lo máa gbé ẹ̀rọ gémù. Ìyàwó ẹ gan-an mọ̀ pé o ò lè borí ẹnikẹ́ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò ọkọ mi mú páàdì tí wọ́n fi ń gbá gémù, ó sì na onígbàjámọ̀ ní góòlù mẹ́fà sí òdo.

"Páàdì tèmi ló bàjẹ́," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Kò bàjẹ́," ni ẹnì kan dáhùn. "Òfo ti ń tàn wá jẹ látijọ́ ni. Ta ló tún fẹ́ bá ẹlẹ́tàn ṣeré?"

Wọ́n ṣì ń jiyàn páàdì nígbà tó wọ bàtà, tó kọjá lára mi, tó jáde kúrò nínú yàrá ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń lọ.