Ìyá Tó Ń Bá Mi Jíṣẹ́ fún Ọlọ́run

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gba òmìnira ní ilẹ̀ Niger tí iná fi jó ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jà Niamey. Ẹnì kan ló ń se tíì lábẹ́ àtíbàbà koríko. Kí a tó pariwo, iná ti dé ọ̀dọ̀ tèmi.

Inú bí mi sí Ọlọ́run. Èmi tí n kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ! Mo dúró láàárín agboolé wa ní àdúgbò Boukoki, mo sì kéde pé èmi àti Òun ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ mi, káfíńtà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, ń fá pákó wọn lọ.

"Ó ti gbọ́," ni wọ́n wí.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin, opó alfa, ni yàrá wọn kọjú sí tiwa. Ìyá gbé búta àlùwàlá wọn sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò bá A sọ̀rọ̀ mọ́ lóòótọ́?"

"N ò bá A sọ̀rọ̀ mọ́, Ìyá."

"Ó dáa. Mo ń lọ kírun báyìí. Kí ni kí n bá ọ sọ fún Un?"

Mo ṣe bí eré ni. Mo ní kí wọ́n bi Í léèrè ohun tí mo ṣe fún Un. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n padà wá bá mi.

"Mo ti jíṣẹ́ rẹ. Ọlọ́hun ò tíì fèsì. Wá jẹun ná."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí àkókò ìrun bá ti tó, Ìyá á yà lọ́dọ̀ mi wá gba iṣẹ́. Bí mo bá ní n kò ní nǹkan kan í sọ, wọ́n á lọ jẹ́ ìyẹn náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Niamey sú mi pátápátá.

"Ìyá, ẹ sọ fún Un kó fún mi ní ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Wọ́n pẹ́ lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn.

"Mo ti bá ọ tọrọ ọkọ. Mo ní kó jẹ́ ẹni rere, kó sì tètè gbé ọ dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Ọkọ mi dá pákó fífá dúró. "Ọkọ wo?"

"Ọkọ̀ ni mo wí, Ìyá! Ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì!"

"Háà! Etí ti ń di. Mo sì ti ṣe àmín. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, lọ tún un ṣe fúnra rẹ."

Ọkọ mi nawọ́ sí yàrá. "Lọ, jọ̀ọ́. Lọ kíá."

Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀. "Olúwa, má dá Ìyá lóhùn o! Èyí tí mo ní tó mi." Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, kò sì pẹ́ tí ẹkún fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni mo ti ro gbogbo ẹjọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá mi jíṣẹ́.

N ò rí ìran kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde, mo lọ tú ẹrù àkísà tí iná ṣẹ́ kù ní ìsọ̀, tí mo ti jù sẹ́yìn ilé. Aṣọ púpọ̀ ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ló jó. Mo gé ibi tó jó dànù, mo fi ìyókù rán aṣọ ọmọdé, mo kiri wọn lọ sí àdúgbò Kalley. Obìnrin ẹ̀yà Zarma kan gbé ẹ̀wù kékeré kan símú, ó gbóòórùn èéfín, ó bi mí pé irú tùràrí wo ni mo fi sí i tó dùn tó báyìí. Mo ní tùràrí ilé wa ni. Ó ra méjì.

Nígbà tí òjò ọdún kejì yóò fi dé, mo ti tún ní ìsọ̀, abẹ́ páànù lọ́tẹ̀ yìí. Èmi fúnra mi ni mo ń gbàdúrà mi. Ọjọ́ tí n kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, màá kàn lọ jókòó ti Ìyá lẹ́bàá ẹní wọn, títí wọn ó fi kírun tán.