Ọkọ̀ Mi Létí Dáàmù

Òórùn ọ̀dà gbígbóná máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Tí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe bá ń yọ́ ọ̀dà lápá Sekona, gbogbo èrò inú kẹ̀kẹ́ á bo imú, èmi á na ọrùn síta bí ẹni tí wọ́n ń dín ẹran nítòsí ẹ̀. Àwọn tá a jọ wọ kẹ̀kẹ́ á máa wò mí tìfura-tìfura. Kí wọ́n máa wò. Wọn ò mọ̀ pé nígbà kan rí, òórùn yẹn ni òórùn ilé mi.

Mo ní ọkọ̀ ojú omi nígbà yẹn, lórí adágún ńlá tí gbogbo wa ń pè ní dáàmù. Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń pẹja o. Ọkọ̀ pákó tóóró ni, ó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n tí mo bá na apá mi méjèèjì, ọwọ́ mi á kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo fi tapólì ṣe òrùlé fún un. Àdògán wà níwájú, ẹní mi wà lẹ́yìn, ọjà sì wà láàárín: iyọ̀, ọṣẹ, àlùbọ́sà, bátìrì, kẹrosíìnì, gbogbo ohun tí àwọn ará abúlé òdìkejì omi kì í rí rà. Ọ̀nà orí ilẹ̀ tó lọ sọ́dọ̀ wọn burú débi pé tí ọ̀kadà bá gbé ẹyin lọ, omi ẹyin ló máa ń já kalẹ̀. Ojú omi ló dán, tí kò ní kòtò.

Ẹ má rò pé nítorí ọjà nìkan ni mo ṣe lọ. Ọkọ mi ti kú, mo ti ṣe opó mi parí, àwọn ẹbí ẹ̀ ní agboolé wa l'Ẹdẹ sì ti pinnu pé kí àbúrò ẹ̀ ṣú mi lópó. Ọmọlúàbí ni àbúrò ọkọ mi. Kò ní àléébù kankan, àfi pé tó bá ti jókòó tì mí báyìí, oorun ni yóò máa kùn mí. Ó ní ìyàwó nílé, ó ní wàhálà tirẹ̀, òun náà kò sì ṣe bí ẹni tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n Baálé agboolé ti sọ̀rọ̀, ìyálé mi, ìyẹn àgbà nínú gbogbo àwa ìyàwó ilé, sì ti ń yẹ yàrá tí wọ́n máa fi mí sí wò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé nígbà náà: kí n fi ẹnu ara mi sọ ibi tí n ó máa sùn, àti ẹni tí n ó máa sùn sítòsí ẹ̀.

Bí mo ṣe ń bá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kọjá sódìkejì ni mo gbọ́ pé obìnrin apẹja kan fẹ́ ta ọkọ̀ tó fi ṣe ilé, ó ń padà sílùú wọn. Mo lọ wò ó. Inú mi dùn débi pé n kò lè dé ilé kí n tó sọ. Mo gbé fóònù mi, èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ká tó dé ibi tí wọ́n ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyálé mi báyìí: "Mo ti ri oko. O ti gbo die sugbon o si le. Obinrin to ni i ti gba ki n maa mu un lo."

Mo fi fóònù sápò. Mo lọ jẹun.

Wọ́n ní ìyálé mi kà á sókè láàárín agbo ilé, ó tún un kà, ó sì jókòó sílẹ̀. Ọkọ! Ó ti gbó díẹ̀! Obìnrin tó ni í ti gbà kí n máa mú un lọ! Wọ́n ní Baálé bèèrè pé irú obìnrin wo ló ń fi ọkọ ẹ̀ tọrẹ bí ẹní fi aṣọ àlòkù tọrẹ. Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo wà létí omi, mo ń wá ẹni tó máa bá mi tún ọkọ̀ ṣe.

Ẹni tí mo rí ni akanọkọ̀ kan, ará Ìlàjẹ, ọkùnrin gbẹrẹgẹ̀dẹ̀ kan tí irun funfun ti ń yọ nírùngbọ̀n ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, bóyá torí pé ìṣó ló máa ń há síbẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. A dojú ọkọ̀ mi dé sórí iyanrìn. Òun jókòó sórí ẹ̀, ó ń fi òwú àti ọ̀dà dí àlàfo ojú pákó, èmi wà lábẹ́ ẹ̀, mo ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, màá sì fi ìka kàn án pé, "Ibí!" Ibi tá a bá a dé ní ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, tí kẹ̀kẹ́ kan fi já àwọn ará agboolé wa sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun: Baálé pẹ̀lú agbádá, ìyálé mi pẹ̀lú ìbòrí tó wuyì jù lọ, àti àbúrò ọkọ mi tó dúró lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fà wá sí kóòtù.

Òòlù ń dún lórí mi, etí Baálé náà kì í sì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo kàn gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń bèèrè pé níbo ló wà.

"Òun náà nìyí!" Mo na ọwọ́ jáde láti abẹ́ ọkọ̀, mo tọ́ka sókè.

Baálé gbójú sókè wo akanọkọ̀. "Ó gbó díẹ̀ lóòótọ́," ó ní.

"Ẹ má wo ojú ẹ̀, Bàbá," ni mo wí. "Inú ẹ̀ ṣì le dáadáa."

Ìyálé mi ní, "Obìnrin tó ni í ńkọ́? Kò bínú?"

"Bínú kẹ̀? Inú ẹ̀ dùn, ṣebí ó ń lọ sílùú wọn. Ó ní ó wúwo jù, òun ò lè gbé e dání."

"Astagafurullah," ni ìyálé mi wí.

"Ó kàn ń jò díẹ̀ nísàlẹ̀ ni. Bá a ṣe ń dí i nìyí."

Òòlù dákẹ́. Mo gbọ́ tí nǹkan kan já bọ́ lórí pákó: ìṣó ẹnu akanọkọ̀ ni. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu ẹ̀ ti bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo máa fi rá jáde, tí gbogbo ojú mi kún fún ọ̀dà, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baálé.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ọkọ̀ ni ìyàwó yín rà, kì í ṣe ọkọ. Èyí tó dojú délẹ̀ yìí ni." Ó gbé orí sókè díẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wọ kẹ̀kẹ́ wá látọ̀nà jíjìn, tí ẹ ò sì fẹ́ padà lásán, èmi ò ní sá o."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo rántí pé afẹ́fẹ́ ń gbá tapólì pà-pà-pà, mo sì rántí pé ojú ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́ tó bí ẹnu ẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí lọ́jà, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dúró de orí mi. Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo rà. N ò ra èyí tó ń jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí Baálé fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Àbúrò ọkọ mi ló rẹ́rìn-ín jù, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀. Baálé nu ojú nù, ó ní ẹni tó bá gbé owó ẹ̀ fún pákó tó ń jò dípò kó wá sínú ilé tó ní páànù, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí ọ̀rọ̀ ṣíṣú lópó ṣe parí nìyẹn. Ìyálé mi nìkan ló fà mí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó lọ. "Ìwọ yìí," ó ní, "ṣé o tiẹ̀ wo ojú ọkùnrin yẹn?" Mo ní kó máa lọ jàre.

Báyìí ni mo ṣe di ará omi. Etí èbúté wa kò fẹ̀, nítorí náà a máa ń so ọkọ̀ mọ́ra wọn ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí á fi dà bí agboolé tó léfòó. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá wà níta pátápátá ní láti gba inú ọkọ̀ gbogbo wa kọjá kó tó dé orí ilẹ̀. Á kí ìyá tó ń yan ẹja, ìyẹn á fi ẹja bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Á kí àwọn apẹja Hausa, wọ́n á bù fúrá fún un. Tó bá fi máa tẹ ilẹ̀, ó ti yó, ó sì ti gbọ́ gbogbo ìròyìn, pàápàá èyí tí kò kàn án. Ìjà wa kì í pẹ́, torí pé ta lo máa bá yodì, nígbà tó jẹ́ pé inú pálọ̀ ẹ̀ lo máa gbà kọjá láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?

Ọkọ̀ akanọkọ̀ ló máa ń so mọ́ tèmi. N kò bèèrè ìdí, òun náà kò sọ. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀: tó o bá so okùn mọ́ ọkọ̀ ẹnìkan, o kò gbọ́dọ̀ tú u láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni náà, torí pé tó o bá ṣí lójijì, tirẹ̀ á mì, ọbẹ̀ ẹ̀ á dànù. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, kí n tó lajú tán, màá gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn tapólì: "Ìyá Ọlọ́kọ̀, ṣé kí n tú?" Tí mo bá ní "Ẹ tú u," ó lọ síṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ̀kọ bá wà lórí iná, màá ní "Ẹ dúró ná," á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹ̀, á na ọwọ́ gba abọ́, a ó sì jẹun, omi á máa gbé wa sókè sódò. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ máa ń wà lórí iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá tó ń yan ẹja bèèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ẹ̀kọ ni mo wá tà lójú omi ni.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà àwọn abúlé. Ọjọ́ ayọ̀ ni, èmi náà jó. Àwọn oníbàárà mi gun ọ̀kadà lọ sọ́jà Ẹdẹ, wọ́n lọ wo ohun tójú wọn fẹ́. Ojúoró wá bo ẹ̀gbẹ́ omi, ẹja ṣọ̀wọ́n, agboolé wa tó léfòó bẹ̀rẹ̀ sí tú ká. Àwọn Hausa lọ. Ìyá tó ń yan ẹja lọ bá ọmọ ẹ̀ gbé. Ó wá ku ọkọ̀ méjì: tèmi àti èyí tó so mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ó ti di òòlù àti ẹní ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ń dúró lápá ògiri dáàmù láti gbé òun àti ọkọ̀ ẹ̀ padà sí Ìlàjẹ. Ó ti sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà to ọ̀rọ̀ jọ. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo tilẹ̀ ti gbé ẹ̀kọ kaná.

Ó dúró lẹ́yìn tapólì.

"Ìyá Ọlọ́kọ̀," ó ní, "ṣé kí n tú?"

Ẹnu mi, tí kì í dúró de orí mi, ní, "Ẹ tú u."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń jáde lẹ́nu mi lárààárọ̀ ló ṣe jáde. Mo gbọ́ tí okùn kọjá lára pákó. Ọkọ̀ mi mì díẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo fi máa ká tapólì, ó ti fi àjẹ̀ ti ara ẹ̀ dé ibi tí omi ti jìn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń tukọ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò kánjú ibi tó ń lọ. Ká ní mo ké, ì bá gbọ́. Ojú omi máa ń gbé ohùn dáadáa. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹ̀kọ fi jóná.

Mo padà sílé, mo gba ṣọ́ọ̀bù, ọjà ń lọ, mo dúpẹ́. Àwọn ará abúlé kan gba ọkọ̀ mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ gbágùúdá báyìí. Ó ṣì le, kò jò. Tí àwọn ọmọ agboolé bá ní kí n sọ ìtàn ọjọ́ tí Baálé wá wo ọkọ, màá sọ ọ́, a ó rẹ́rìn-ín títí. N kì í sọ èyí tó kù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ sí dáàmù. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èèyàn sódìkejì, àwọn tí kò fẹ́ rìn yípo. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ń kọjá?" Mo wọlé. Nígbà tá a dé àárín omi, ọkọ̀ fì, ara mi sì ti tẹ̀ sápá kejì kí n tó mọ̀, ó gbé e dúró. Ọ̀dọ́bìnrin náà wò mí. "Ẹ ti gbé ojú omi rí," ó ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

A dé òdìkejì. Koríko ló wà níbẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tó ń jẹun. Ọ̀dọ́bìnrin náà di ọkọ̀ mú dè mí kí n sọ̀ kalẹ̀, ó sì ní sùúrù, kò yọ mí lẹ́nu. N kò sọ̀ kalẹ̀; mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wò ó bí omi ṣe ń gbé wa sókè sódò. Mo ní kó dá mi padà nígbà tó bá ti sinmi. Ó ní kò rẹ òun. Mo ní kó ṣáà sinmi díẹ̀ sí i.