Ọwọ́ Bàbá Alágbàfọ̀

Ẹni tó bá ní òun ti rí aṣọ funfun rí, tí kò tíì rí èyí tí bàbá alágbàfọ̀ yìí fọ̀, irọ́ ló ń pa. Bí eṣinṣin bá bà lé aṣọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú. Ogójì ọdún ló fi wà nídìí omi ọṣẹ àti áyọ́ọ̀nù. Àmọ́ ọwọ́ tó ń sọ aṣọ di lékeléke yìí, òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé wò. Àléfọ́ ti bá a jà. Awọ rẹ̀ gbẹ, ó sán láàárín ìka bí ilẹ̀ ọ̀dá, ó sì ń yún un tọ̀sán-tòru. Oníbàárà kan rí i lọ́jọ́ kan, ló bá fi ìka méjì gba aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ejò. Láti ọjọ́ náà ni bàbá kì í ti í bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà níwájú ènìyàn.

Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí àkọ́bí, bàbá kó gbogbo aṣọ ìkókó náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀bùn tirẹ̀ nìyẹn. Ọṣẹ olóòórùn dídùn tó ń tọ́jú fún aṣọ ìyàwó ló fi fọ̀ wọ́n. Ó rẹ wọ́n sínú sítáàṣì, ó lọ̀ wọ́n títí ọrùn ẹ̀wù bíńtín fi dúró ṣánṣán. Ó kó wọn padà wálé, ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ kẹrin sí ọjọ́ náà, ọrùn ọmọ pọ́n, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sú. Ó ń ké, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra àyà ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo kó o ràn án," ni bàbá wí. Kò wọ yàrá ọmọ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, tòun ti ìbọ̀wọ́.

"Bàbá, ẹ wọlé wá gbé e," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí.

"Ojú ni mo fi ń gbé e."

Ọmọbìnrin rẹ̀ kó àwọn méjèèjì lọ bá nọ́ọ̀sì. Màmá nọ́ọ̀sì wo ọrùn ọmọ, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ bàbá, ó sì di ọwọ́ náà mú láìṣojo.

"Èyí kì í ràn, bàbá. Ó lè wà nínú ìdílé, àmọ́ fífọwọ́ kan ọmọ kò lè kó o ràn án." Ó gbóòórùn ẹ̀wù ọmọ, ó tẹ ọrùn ẹ̀wù náà wò. "Ta ló fọ aṣọ tó le bíi pátákó yìí?"

"Èmi ni. Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ fọ̀ jù mí lọ."

"Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n fọ̀ jù. Aṣọ yín ti ń bu ọmọ jẹ."

Ọmọbìnrin rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n pa sítáàṣì àti ọṣẹ olóòórùn tì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n máa fi wẹ ọmọ, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi kúrò lára rẹ̀ láìfi ra á, kí wọ́n sì fi ìpara sí i kí ara tó gbẹ. Ti bàbá náà kò yàtọ̀: ìpara lẹ́yìn omi, ìbọ̀wọ́ òwú lábẹ́ ti rọ́bà.

Bàbá tún àwọn aṣọ náà fọ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ló ṣàn wọ́n. Kò lọ̀ wọ́n. Láti ogójì ọdún, àwọn ni aṣọ rírún àkọ́kọ́ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó kó ìbọ̀wọ́ sórí tábìlì.

"Bàbá, aṣọ yín mà rún o."

"Jẹ́ kó rún," ni bàbá wí, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì láti gba ọmọ.